Mustang fastback 1967 kan wà fún títà: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa fẹ́ ta Ford Mustang fastback 1967, ẹ́ńjìnnì V8 289 (sílíńdà mẹ́jọ, 289 ni ìwọ̀n rẹ̀ ní cubic inch), ọ̀dà pupa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn bí òrùlé ọkọ̀ yẹn ṣe ń rọra dà sẹ́yìn títí dé ìdí búùtù. Owó tó pè kì í ṣe kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Dallas: Àbúrò, fi ọ̀dà sílẹ̀ ná. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo irin ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ òsì, ìhà ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Wọ́n tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN) síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 1967 lóòótọ́, 7 ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni ibi tí wọ́n ti tò ó: R ni San Jose, F ni Dearborn, T ni Metuchen. Nọ́ńbà méjì tó kàn gan-an ni kó o lajú sí. 02 ni fastback. 01 ni coupe, tí búùtù rẹ̀ yọ sẹ́yìn lọ́tọ̀. Tó o bá bá 01 lára fastback, á jẹ́ pé wọ́n gé orí coupe dànù, wọ́n sì jó òrùlé mìíràn mọ́ ọn. Iṣẹ́ yẹn lè dáa o, àmọ́ má san owó fastback lé e lórí, nítorí ìyàtọ̀ owó wọn pọ̀. (Ti 1965 àti 1966 yàtọ̀: 09 ni fastback níbẹ̀, 07 ni coupe.)

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ wò ó: 7R02C ni mo rí.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Dallas: Ó dáa. Fastback San Jose ni, C sì ni 289 tí kábúrẹ́tọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ó ku ibi tó dógùn-ún. Ọkọ̀ yìí ò ní ṣáàsì lọ́tọ̀, bọ́dì ló gbé ara rẹ̀, torí náà tí abẹ́ bá jẹrà, kò sí ohun tó gbé e dúró mọ́. Irin oníhò wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ló burú jù. Ewé máa ń já síbẹ̀, omi á dúró, irin á sì máa jẹ láti inú, tójú ò ní tètè rí i. Rọra da omi ìgò kan síbẹ̀, kí ẹnì kan na ara sílẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tí omi bá ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ńlá ni o, kí panẹ́bítà dé ibẹ̀, yóò tú iwájú ọkọ̀ palẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi aṣọ wé òòfà, fi í kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti mú, pọ́tì ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn.

Ìyá Ìbejì, Maryland: Ẹ má gbàgbé ìwé o! Nọ́ńbà inú title, ìyẹn ìwé ẹni tó ni ọkọ̀, gbọ́dọ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu, orúkọ ẹni tó ń tà á ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ká sì rí i pé kò sí gbèsè báńkì lórí rẹ̀. Láti 1967 wá, Marti Report, ìwé tí wọ́n ń yọ látinú àkọsílẹ̀ Ford, lè sọ bí Ford ṣe ṣe ọkọ̀ náà gan-an, ọ̀dà àti ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ ra á. Ní ti insọ́ránsì, ẹ wá irú èyí tí ẹ̀yin àti wọn ti fẹnu kò sí iye ọkọ̀ ṣáájú. Insọ́ránsì lásán á kà á sí ọkọ̀ àtijọ́ ni.

Àǹtí Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó tiyín wá sí ọ̀dọ̀ wa, ẹ fi tó HMRC, àjọ owó orí ìjọba ibí, létí láàárín ọjọ́ 14, NOVA ni wọ́n ń pè é. Tí ọkọ̀ bá ti lé ní ọdún 40, tẹ́ ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí historic (ọkọ̀ àtijọ́), ẹ ò ní san owó ojú ọ̀nà, ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀, náà ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, Dallas: Àbúrò, ya fọ́tò abẹ́ ọkọ̀ náà síbí, kí n bá ẹ wò ó kó o tó bá bàbá yẹn dúnàá dúrà.