Ààwẹ̀ tó bo àìsàn mọ́lẹ̀

Ìrírí ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, nípa ọmọ tí àìsàn mú kó kọ oúnjẹ sílẹ̀, ló kì mí láyà láti sọ ti ilé wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi ń gbé, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni àbúrò mi obìnrin bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ di ọmọ ọdún 14, wọ́n wálé ṣe Iléyá, kí wọ́n lè wo Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta. Bí ọmọ náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ìyá wa kígbe ayọ̀ pé, “Ọmọ mi, o mà ti sanra o!” Ìkíni oríire ni lẹ́nu wọn, nítorí pé ara tó kún ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tí wọ́n tọ́jú, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bú u nílé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún.

Ní ọdún kejì, ìyá rẹ̀ ń fi í yangàn fún wa lórí fóònù. Ó gba ààwẹ̀ Ràmàdánì láì já ọjọ́ kan, ó fi ọjọ́ mẹ́fà oṣù Shawwal lé e, ó sì tún ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa obìnrin, tí a mọ̀ pé nǹkan oṣù máa ń dá ààwẹ̀ dúró, tó béèrè bí tirẹ̀ ṣe jẹ́ tí kò fi já ọjọ́ kankan.

Ọjọ́ Iléyá ọdún náà, nígbà tí wọ́n tún wálé, ló tú àṣírí náà, nítorí pé ààwẹ̀ kò tọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì tọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá wa sè, ó wọ balùwẹ̀, ó sì bì í tán. Oyún ni a kọ́kọ́ fura sí (kí ni ìbá tún wá sí wa lọ́kàn?). Dókítà ló sọ fún wa pé anorexia nervosa ni, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ènìyàn máa febi pa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù sísanra, àti pé ọkàn rẹ̀ ti ń lù lọ́ra jù. Ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe rọ́ oúnjẹ sí i lẹ́nu, nítorí pé ara tí ebi ti pa pẹ́ lè dojú rú bí oúnjẹ bá ya lù ú lójijì, débi tí ẹ̀mí lè bọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ mọ́, ìbáà sanra, ìbáà rù.

Ìyẹn ló le jù fún ìyá wa, nítorí pé “Ṣé o ti jẹun?” ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọmọ. Nígbà tí ọmọ náà padà sí Lọ́ńdọ̀nù, bó bá pè, wọ́n á gbé fóònù sétí, wọ́n á pe oríkì rẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́.