Ẹ̀gbà onígi mi ń yọ aró, ó ń bó, ó tún ń là

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ ọwọ́. Ìbàdàn níbí ni mo wà, nítòsí ọjà pákó Bódìjà. Lathe, ẹ̀rọ tó ń yí igi bírí kí n lè fi irin gbẹ́ ẹ, ni mo fi ń yí ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí. Bí mo bá yí i tán, màá fi irin gbígbóná ya òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí sí i lára, bíi ti àdìrẹ Ìbàdàndùn. Màá fi aró kun àárín rẹ̀, màá fi àdín pa á kó lè dán, kí n tó wá kun fáníìṣì.

Ó ń wuyì lórí àtẹ o! Àmọ́ oníbàárà mi kan wọ̀ ọ́ lọ síbi ìyàwó, òógùn bò ó, ni aró bá yọ sí ọwọ́ léèsì funfun rẹ̀. Mo dá owó padà, mo tún bẹ̀bẹ̀. Tàwọn mìíràn, fáníìṣì ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà ọyẹ́, mẹ́rin là lórí ìṣó tí mo fi wọ́n kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ń ṣì ṣe?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Bẹẹrẹ: Àdín ló ń bá ẹ jà. Àdín kì í gbẹ. Bó o pa á lónìí, yóò ṣì wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, fáníìṣì kì í sì í lẹ̀ mọ́ ohun tó lọ́ràá. Epo linseed, ìyẹn epo èso ọ̀gbọ̀, ló ń gbẹ. Ṣùgbọ́n àkísà tó o bá fi pa á, má ká a jọ síbì kan o! Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Tẹ́ ẹ síta gbalaja, tàbí kó o rì í sómi. Ti lílà yẹn, ṣé ẹ̀ka igi lo ń gé ní ìbú?

Ẹni tó béèrè: Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ̀ka ọganwó, tútù ni mo sì máa ń yí i.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Bẹẹrẹ: Ó tán! Bí igi bá ń gbẹ, ó ń súnkì yíká ju bó ṣe ń súnkì sí àárín lọ. Òrùka tó yí àárín ẹ̀ka ká kò ní ibi tó máa sá sí, àfi kó là. Pákó tí kò ní àárín igi nínú ni kó o máa gé. Yí i nípọn lákọ̀ọ́kọ́, gbé e sí ibòòji fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó o tó padà yí i tán.

Ìyá Aláró: Inú mi dùn pé o ò gbàgbé ṣíbí, ọmọ mi, ọ̀pọ̀ yín òpó nìkan lẹ ń yà. Aró kì í wọnú igi bó ṣe ń wọ òwú. Bí a bá yọ aṣọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ti igi, ojú lásán ló ń jókòó sí. Jẹ́ kó gbẹ, fi àkísà ọ̀rinrin nù ún títí kò fi ní yọ mọ́, kó o tó fi ohunkóhun bò ó.

Oníyẹtí Dùgbẹ̀: Àti pé irin gbígbóná ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà, fi sánpépà 400, èyí tó kúnná, rọra nù ún, kí èédú má bàa bá aró pò. Bó bá jẹ́ ìrókò, bo imú rẹ. Eruku rẹ̀ ń yún ara, ó ń mú èèyàn sín.

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́ gan-an ni, ẹ̀yin òbí mi. Pákó kan ti wà lórí lathe báyìí. Àdín tó kù, màmá mi ti gbé e lọ; wọ́n ní ọmọ tuntun wà nílé àǹtí mi.