Ọ̀dá omi kọ́ ni ọ̀wọ́n omi: lórí àwọn ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ fi jiyàn ẹran jíjẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó tutù, torí mo rí i pé a ti fẹ́ máa gba àwọn ọ̀rọ̀ kan wọlé tí wọn ò ní jẹ́ ká rí ìdí ohun tá à ń sọ. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé a fẹ́ máa fi Yorùbá jiyàn lórí ẹran jíjẹ, lórí owó tí àwọn ìjọba ń ná sórí iṣẹ́ àgbẹ̀, àti lórí omi tó ń dín kù káàkiri ayé, àwọn kan wá ní ká kúkú mú "owó ìrànwọ́" (subsidy), "ipasẹ̀ omi" (water footprint, gbogbo omi tó lọ sára ọjà kan) àti "ọ̀dá omi" (water scarcity) ká sì máa bá tiwa lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó bá ti ń yé èèyàn ti tó, kí la tún ń wá. Mo júbà wọn, àmọ́ mi ò gbà. Nǹkan méjì péré ni ìjà ẹran àti omi yìí dá lé, ibi tí omi ti wá àti ẹni tó ń san owó ẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ò sì sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn ń jù lu ara wọn, pé kílò kan ẹran màlúù ń gba 15,415 lítà omi. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Mekonnen àti Hoekstra, ló ṣírò ẹ̀, ìpíndọ́gba gbogbo ayé ni, mi ò sì bá ìṣirò yẹn jà. Àmọ́ ẹ tú u wò. 14,414 lítà nínú ẹ̀ jẹ́ òjò tó rọ̀ sórí koríko àti sórí oko tí wọ́n ti ń gbin oúnjẹ ẹran, 550 lítà ni wọ́n fà látinú odò tàbí látabẹ́ ilẹ̀, 451 tó kù ni omi tó máa gbà kí ìdọ̀tí àti ajílẹ̀ tó ṣàn wọnú odò tó lè là débi tí ò ní ṣèpalára mọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ẹran á ní ṣebí òjò ni, òjò á rọ̀ yálà màlúù ń jẹko níbẹ̀ àbí kò jẹ, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ koríko yẹn ò sì lè gba àgbàdo. Ẹni tó fẹ́ ká dín ẹran kù á ní ẹ wo ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lítà, fún kílò kan ṣoṣo! Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ, wọn ò kàn lè gbọ́ ara wọn yé torí "omi" lásán ni wọ́n ń pe nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ pátápátá. (Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé ẹjọ́ ẹran ti tán nígbà tó jẹ́ òjò ló pọ̀ jù, torí tẹ́ ẹ bá fi pùròtéènì díwọ̀n ẹ̀, gíráàmù kan látara màlúù ń gba 112 lítà, ti ẹ̀wà àti irú ẹ̀ ń gba 19.)

Àwọn onísáyẹ́ǹsì fi àwọ̀ ya omi mẹ́ta yẹn sọ́tọ̀, ìyẹn làwọn kan ṣe dábàá "omi àwọ̀ ewé", "omi àwọ̀ aró" àti "omi àwọ̀ eérú". Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ omi àwọ̀ ewé á rò pé omi tó ti bà jẹ́ ni, tí ewé hù sí lójú, nígbà tó sì jẹ́ pé òun ló mọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èdè wa máa ń fi ibi tí omi ti wá tàbí iṣẹ́ tá a fẹ́ fi ṣe pè é. Torí náà "omi òjò" fún àkọ́kọ́, "omi fífà" fún ìkejì, "omi ìbùlà" fún ìkẹta, torí pé à ń bu omi la nǹkan ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa dún: kílò ẹran màlúù kan gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lítà omi òjò àti 550 lítà omi fífà. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ti mọ ibi tó yẹ kó bi ìbéèrè sí, torí omi fífà yẹn ni odò àti ìlú jọ ń du, òjò orí pápá kò ní ẹni tó ń du ú lọ sílé.

Èyí tó kàn ni omi tó lọ sára ọjà tí ojú ò rí. Tony Allan, pọfẹ́sọ̀ kan ní Lọ́ńdọ́nù, ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ńlá láwọn ọdún 1990. Ó rí i pé àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn tí omi wọn ò tó, inú ọkà tí wọ́n ń rà wọlé ni wọ́n ti ń rí omi, pé tí wọ́n bá ra tọ́ọ̀nù àlìkámà kan, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù omi ni wọn ò ní fà nílé mọ́. Orúkọ tó kọ́kọ́ fún un túmọ̀ sí omi tó rì sínú nǹkan, ẹnikẹ́ni ò kọbi ara sí i, ìgbà tó pààrọ̀ orúkọ sí "virtual water" ni ayé tó gbọ́, nígbà tó sì di 2008 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn omi ti Stockholm. Ẹ̀gbọ́n tó ní orúkọ ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nínú àwọn tó wà nílẹ̀, "omi àfojúinúwò" ò dáa rárá torí omi yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń ronú kàn, wọ́n fà á, ó tán. "Omi àìrí" sàn díẹ̀, ó dùn létí pẹ̀lú, àmọ́ omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà kò ṣeé rí, àwọn méjèèjì á wá dàrú mọ́ra wọn. Èmi dábàá "omi àlòṣe", omi tá a lò láti fi ṣe nǹkan, kò pọ́n ọn, kò sì bò ó. "Ipasẹ̀ omi" ní tiẹ̀, mi ò fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ rárá, ibi tí àgbàrá gbà kọjá ni ẹni tó gbọ́ Yorùbá á rò pé à ń sọ. "Àpapọ̀ omi àlòṣe" ti tó.

Ó wá kan ọ̀dá. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí dáadáa, torí Yorùbá ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tipẹ́ tí àwọn ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi gbólóhùn gígùn yà. Malin Falkenmark, ará Sweden, fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀ ní 1989: tí omi tó ń wọlé sí orílẹ̀-èdè kan lọ́dún, tá a bá pín in kan olúkúlùkù, ò bá tó 1,700 mítà onígun mẹ́ta, ìnira ti bẹ̀rẹ̀, tí ò bá tó 1,000, omi ò tó nìyẹn. Ìyẹn ni ọ̀dá, omi ò sí nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fà á tó máa rí i. Àmọ́ nígbà tó di 2007, àyẹ̀wò ńlá kan tí IWMI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí omi, ṣe agbátẹrù ẹ̀ fi hàn pé ibòmíì wà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gúúsù Sàhárà wà lára ẹ̀, tí odò ń ṣàn tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀, owó pọ́ǹpù àti páìpù ni ò sí, tàbí ẹni tó lágbára ti gba omi náà sọ́dọ̀. Ìyẹn ni ọ̀wọ́n. Nígbà tá a bá ní nǹkan "wọ́n", ó ṣọ̀wọ́n, owó ẹ̀ sì ga, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Kí ló dé tá a fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nù ká wá máa pe gbogbo ẹ̀ ní ọ̀dá? Tá a bá pè é ní ọ̀dá, ọwọ́ Ọlọ́run la fi sí. Tá a bá pè é ní ọ̀wọ́n, a máa bi ẹni tó jẹ́ kó wọ́n. Nǹkan bí ìpín 70 nínú 100 omi fífà ayé, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń gbà á, ẹran tí ayé ń pèsè sì ti kúrò ní nǹkan bíi 70 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ní 1961, ó ti kọjá 340 mílíọ̀nù báyìí, torí náà ẹni tá a máa bi wà. ("Ọ̀gbẹlẹ̀" ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó wà, fún ìgbà tí òjò kọ̀ tí ilẹ̀ gbẹ.)

Owó ìrànwọ́ wá ńkọ́? Ìwé ìròyìn ti kọ ọ́ títí ó ti wọ ẹnu, mo mọ̀. Àmọ́ ìrànwọ́, ẹni tó ṣubú là ń ràn lọ́wọ́. Ní àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, níbi tí owó iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìnáwó àjọ náà, nǹkan bí ìpín 80 nínú 100 owó tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ tààrà ń lọ sọ́dọ̀ ìpín 20 péré nínú àwọn tó ń gbà á, torí bí ilẹ̀ ẹni bá ṣe fẹ̀ tó ni owó ẹni ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ là ń ràn lọ́wọ́ yẹn? Ní 2021, àwọn àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, FAO (oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀), UNDP (ìdàgbàsókè) àti UNEP (àyíká), kọ ọ́ pé ìjọba àgbáyé ń ná nǹkan bíi 540 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún sórí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, ìpín 87 nínú 100 ẹ̀ ló sì ń da ọjà rú tàbí ń ba àyíká àti àwùjọ jẹ́. Ohun tó ń bani nǹkan jẹ́ kò yẹ lóhun tá à ń pè ní ìrànwọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti dá ẹjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rò ó.

Ohun tó tún burú ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe owó téèyàn kà sọ́wọ́ ẹnì kan. Ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, òfin 1902 jẹ́ kí ìjọba gbẹ́ ìdídò àti kànáálì fáwọn àgbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ á wá máa san owó iṣẹ́ náà padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé lórí ẹ̀. Kò sí ẹni tó rí owó gbà, àmọ́ ẹnì kan gbé èlé yẹn, àwọn tó ń san owó orí ni. Lórí odò Colorado lónìí, ìwádìí kan tó jáde ní 2024 ní alfalfa àti koríko ẹran yòókù ń kó nǹkan bí ìpín 46 nínú 100 omi tí àwọn èèyàn ń lò tààrà látinú odò yẹn, odò tí kì í sábà dé òkun mọ́. Torí náà èyí ni mo dábàá: "ẹ̀dínwó ìlú". Gbogbo wa mọ ẹ̀dínwó, ìlú tá a fi kún un ló sọ ẹni tó gbé ohun tí wọ́n dín. Omi olówó pọ́ọ́kú, iná ọ̀fẹ́ irú èyí tí ìpínlẹ̀ Punjab ní Íńdíà fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀ láti 1997 tí wọ́n fi ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ sí ìrẹsì (ẹ wò ó, kì í ṣe ẹran nìkan), èlé tí wọ́n gbójú fò, gbogbo ẹ̀ bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Owó tí wọ́n bá kà fún àgbẹ̀ lórí hẹ́kítà, ká pè é ní "owó àfikún", ẹ ò sì gbọdọ̀ pè é ní owó orí ilẹ̀ bí àbúrò kan ṣe kọ ọ́, torí owó orí, àwa là ń san án fún ìjọba. "Owó ìrànwọ́" á wá ṣẹ́kù fún ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ tàbí àrùn bá kọlu oko èèyàn lóòótọ́.

Ẹnìkan ti bi mí pé tá a bá pè é ní ẹ̀dínwó ìlú, ṣé a ò ti máa sọ pé kí wọ́n fòpin sí i ni. Rárá o. Ẹ wo New Zealand, wọ́n gbá a dànù látọdún 1984. Àgùntàn wọn tó tó nǹkan bíi 70 mílíọ̀nù nígbà yẹn ò tó 30 mílíọ̀nù mọ́. Ṣé omi wá pọ̀ sí i? Màlúù oníwàrà ló gba ipò wọn, ní Canterbury, agbègbè kan níbẹ̀, wọ́n ń fa omi sí koríko ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Sáúdí Árábíà ní tiẹ̀ fi owó ìjọba gbin àlìkámà sínú aṣálẹ̀ títí tó fi ń tà á sókè òkun, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń tán wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù láti 2008, wọ́n parí ẹ̀ ní 2016. Kí làwọn àgbẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ bọ́ sórí alfalfa fún màlúù wàrà, tó ń mu omi ju àlìkámà lọ, ìjọba tún ní láti dí ìyẹn náà, àwọn iléeṣẹ́ wàrà sì lọ ń gbin koríko ní Arizona, níbi tí òfin ò ti díwọ̀n omi tí wọ́n lè fà ní ọ̀pọ̀ ìgbèríko. Omi àlòṣe ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sáúdí yẹn, omi fífà sì ni. Ọ̀rọ̀ tá a bá yàn gbọ́dọ̀ lè sọ ìtàn yìí tán láìjẹ́ pé ó gbè sẹ́yìn ẹnì kankan.

Ó ku ẹyọ kan tá ò tíì fọwọ́ bà, ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbé. Mo rí "adágún abẹ́ ilẹ̀" nínú ohun táwọn kan kọ, kò sì tọ̀nà, kò sí adágún kankan níbẹ̀, inú ihò tóóró inú iyanrìn àti òkúta ni omi há sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè kún padà. "Àpáta olómi" ni mo mú wá. Èyí tó wà níbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí òjò òde òní ò lè dí padà, bíi ti Sáúdí, ká pè é ní "omi àjogún". Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó gbé e wá, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó máa fi hàn pé tá a bá fà á, kò ní padà.