Ara mi mọ ijó, ẹnu mi kò mọ̀ ọ́n sọ: ẹ gbà mí níyànjú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 14 ni mo fi jó lórí ìtàgé kí orúnkún ọ̀tún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Oṣù kẹfà rèé tí mo ti di olùkọ́ ijó.

Tí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní fífò, èmi fúnra mi ni mo máa ń fò kí wọ́n lè rí i. Tó bá fi máa di alẹ́, orúnkún á ti wú. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn: tó bá ti fò balẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á yà sínú, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo ní kí orúnkún kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, kí ìka kan ilẹ̀ ṣáájú gìgísẹ̀. Mo sọ ọ́ títí, kò yé e. Ẹ̀rù ń bà mí kí tirẹ̀ má lọ bàjẹ́ bíi tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jó rí kí ẹ tó máa kọ́ni, báwo lẹ ṣe ń fi ẹnu ṣàlàyé ohun tó ti mọ́ yín lára? Ṣé kí n máa ní kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n jó jù fò dípò mi, àbí ìyẹn á dá owú sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.