Iná omi tàn nínú ọkọ̀ mi, mo ṣí ìdí fílítà, kò sí nǹkan tó jáde

Awakọ̀ Ẹlẹ́rù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà awakọ̀ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ̀ akẹ́rù oní-dísẹ̀lì ni mò ń wà. Láti ìjẹta ni iná kan tó ní àwòrán fílítà àti ẹ̀kán omi ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Lákọ̀ọ́kọ́, tí mo bá ń gun òkè ló máa ń tàn, á sì kú. Lánàá, ó tàn, kò kú mọ́, ọkọ̀ náà kò sì fà bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀.

Mo páàkì, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo rí tápù oníke kékeré kan ní ìdí fílítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣásí. Mo yí i, ẹ̀kán méjì péré ló kán, ó dá. Mo tún yí i sí i, mo wá ń gbọ́ "ṣìì", síbẹ̀ omi kò jáde. Mo tì í padà. Nígbà tí mo fẹ́ sítáàtì, ó kàn ń yí lásán ni.

Ṣé fílítà náà ti bàjẹ́ ni? Ẹnì kan ní kí n fi sípánà fún tápù náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹlòmíràn ní kí n yọ wáyà iná yẹn kí ó yéé dà mí láàmú. Ẹrù wà lẹ́yìn ọkọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Mẹkáníìkì Dísẹ̀lì:
Àbúrò, má fọwọ́ kan wáyà yẹn o, iná yẹn ló ń sọ fún ọ pé omi ti pọ̀ nínú fílítà. Fílítà rẹ kò bàjẹ́.

Fílítà ẹ̀gbẹ́ ṣásí yẹn wà láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù. Fífà ni pọ́ǹpù ń fa epo gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà kò sí ohun tó ń ti epo náà jáde tí o bá ṣí ìdí rẹ̀. Ṣé o ti rí agolo tí a lu ihò kan ṣoṣo sí rí? Tí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀, kò ní í dà àfi kí o lu ihò kejì lókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. "Ṣìì" tí o gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé láti ìsàlẹ̀, òun náà ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ sítáàtì.

Padà sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú, kí ó sì ti tutù, kí iná tàbí sìgá má sì sí nítòsí. Lítà omi kan wọn kílò 1, lítà dísẹ̀lì kan kò ju bíi gíráàmù 840 lọ, torí náà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, gbogbo omi á ti sọ̀kalẹ̀ sí ìdí. Gbé ìgò tí ojú ń rí inú rẹ̀ sábẹ́ tápù. Kọ́kọ́ tú bóòtù kékeré tó wà lórí fílítà, ibi tí a ti ń lé afẹ́fẹ́, kí o tó ṣí tápù ìsàlẹ̀. Wàá rí i pé yóò ṣàn. Ìgbà tí dísẹ̀lì tó mọ́ bá ń jáde ni kí o tì í, ọwọ́ lásán ni kí o sì fi tì í. Ike ni tápù yẹn. Sípánà á fọ́ ọ, ibi tó bá ti sán ni yóò sì máa fa afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́.

Ó ku pọ́ǹpù ọwọ́, èyí tí a máa ń tẹ̀ lórí fílítà. Tẹ̀ ẹ́ títí epo tí kò hó yóò fi máa jáde lójú bóòtù òkè, de bóòtù náà, kí o wá tẹ pọ́ǹpù náà títí yóò fi le lọ́wọ́ rẹ. Tí o bá ń sítáàtì, má yí i ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kí sítátà sinmi kí o tó tún gbìyànjú.

Ìyá Ọlọ́kọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti mẹkáníìkì. Awakọ̀ mi kan yọ wáyà yẹn, kò sọ fún mi. Nígbà tí wọ́n tú ọkọ̀ náà, orí nọ́sù mẹ́ta, àwọn tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ti dógùn-ún, ẹnu ọ̀kan ti já dànù. Mo mú un lọ́wọ́, ó rí bí ẹyin tí wọ́n gé lórí. Owó tí mo fi tún un ṣe dùn mí títí di òní.

Ọmọ Gáréèjì:
Ẹ kàn da spírítì díẹ̀ sínú táǹkì, á gbé omi náà lọ.

Mẹkáníìkì Dísẹ̀lì:
Rárá o, má ṣe é. Òótọ́ ni pé á gbé e lọ, àmọ́ ọ̀dọ̀ nọ́sù ni yóò gbé e lọ. Spírítì máa ń po omi mọ́ epo, fílítà kò sì ní í rí i yà sọ́tọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní ló ń fọ́n epo pẹ̀lú agbára tó lé ní 1,500 bar, dísẹ̀lì náà ló sì jẹ́ òróró tí pọ́ǹpù fi ń yọ̀. Omi kò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ni irin á ti máa ha irin.

Awakọ̀ Ẹlẹ́rù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an! Bí mo ṣe tú bóòtù òkè báyìí, ó dà ṣùrù. Mo gbé ìgò náà kalẹ̀: ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ìka mẹ́ta tó jẹ́ omi, dísẹ̀lì wà lókè, ohun dúdú kan tó ń yọ̀ bí ikun sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí apá fi ń ro mí. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo yí kọ́kọ́rọ́ ló gbà, iná náà sì ti kú. Ṣùgbọ́n kí ni dúdú yẹn?

Mẹkáníìkì Dísẹ̀lì:
Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni. Ibi tí omi àti epo ti pàdé ni wọ́n ń gbé. Ìyẹn fi hàn pé omi ti pẹ́ nínú táǹkì. Fílítà yẹn kò ní í pẹ́ dí, pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì tú nọ́ọ̀tì ìdí táǹkì láti da omi ibẹ̀ náà nù. Wo rọ́bà ìdérí táǹkì rẹ pẹ̀lú. Tí o bá sì fẹ́ sùn, rọ epo kún táǹkì: inú táǹkì tó ṣófo ni ìrì ti ń sẹ̀ lóru.

Awakọ̀ Ẹlẹ́rù:
Mo ti lọ wo ìdérí náà. Rọ́bà rẹ̀ ti là láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, òjò sì pa ọkọ̀ yìí fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti fi ọ̀rá dì í ná. Tí mo bá ti já ẹrù yìí tán, táǹkì ni mo fẹ́ tú.