Alẹ́ mẹ́ta, pọ́ìǹtì kan: níbo lẹ wà?

Nọ́ọ̀sì Peckham:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará, láti Peckham ní London. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Ní oṣù kẹwàá 2023, Gúúsù Áfíríkà fi pọ́ìǹtì kan ṣoṣo na Faransé nílé wọn, wọ́n fi ọ̀kan na Ẹ́ńgílándì, wọ́n tún fi ọ̀kan na New Zealand, wọ́n sì gbé ife àgbáyé rọ́gíbì lọ. 29 sí 28, 16 sí 15, 12 sí 11. Gbogbo rẹ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kì í bá ṣe pé ó ṣojú mi, ǹ bá ní irọ́ ni. Níbo lẹ wà?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rọ́gíbì tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń ṣe é nílé ìwé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù náà wálé, tó rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, mo ní ṣé mọ́tò ló gun orí ẹ̀ ni? Òun ló jókòó tì mí tó ń ṣàlàyé: tí o bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà wọn, tí o fi kanlẹ̀, pọ́ìǹtì márùn-ún; tí ẹ bá wá gbá a láti ilẹ̀ gba àárín òpó méjì, ẹ tún jẹ méjì sí i; pẹ́náritì, mẹ́ta. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ jù ú síwájú, ẹ̀yìn nìkan ni. Èyí ló dààmú mi jù. Ẹni tó ń lọ síwájú, tó ń ju ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn!

Ọjọ́ 21, Gúúsù Áfíríkà àti Ẹ́ńgílándì. Ọmọ mi wọ ẹ̀wù funfun tí Ẹ́ńgílándì nítorí Maro Itoje, tí òbí rẹ̀ méjèèjì wá láti Nàìjíríà. Mo ní ọmọ wa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi Áfíríkà sílẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ta ló ń san owó oṣù yín?”

Òjò ń rọ̀ ní Paris lálẹ́ yẹn. Owen Farrell ti Ẹ́ńgílándì ń gbá pẹ́náritì wọlé bí ẹni ń ka owó, nígbà tó yá ó tún gbá ọ̀kan láti orí eré, ó di 15 sí 6. Ọmọ mi ti ń jó. Mo ti kó àwo lọ sí kíṣìnnì, mo ní kí n kúkú fọ abọ́. Ìgbà tí mo fi máa padà, nǹkan ti yí. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ox Nche ti wọlé. Ẹ mọ ibi tí àwọn mẹ́jọ mẹ́jọ ti máa ń forí gborí bí àgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní scrum? Ńṣe ni Nche àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn bí ẹni ti mọ́tò tó kú. RG Snyman fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, wọ́n tún gba méjì tó tẹ̀ lé e, ó wá ku pọ́ìǹtì méjì. Nígbà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ mọ́, wọ́n tún borí níbi scrum, rẹfirí fún wọn ní pẹ́náritì. Ó jìnnà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta mítà. Handré Pollard ló gbá a wọlé. Ẹ sì wò ó, kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú lọ, ẹlòmíràn ló fara pa kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é.

Mo fẹ́ pariwo. Mo wo ojú ọmọ mi, omi ti lé ròrò níbẹ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo sáré wọ kíṣìnnì, ibẹ̀ ni mo ti jó.

Báṣọ̀run Boy:

Àǹtí, ẹ kú ìfarabalẹ̀! Ẹ gbọ́ tèmi ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ àṣekágbá, mo wà ní ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa. Arsenal ti fọ́ Sheffield United, 5 sí 0, lọ́sàn-án, gbogbo wa ti yọ̀. Wolves àti Newcastle ta ọ̀mì, 2 sí 2, ni onílé bá ní òun fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀. Mo ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àṣekágbá rọ́gíbì kù. Ó ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ẹ sì mọ bí epo ṣe rí lọ́dún náà, lítà kan ti lé ní ẹgbẹ̀ta náírà. Ó ní tí mo bá ra lítà mẹ́ta, òun ò ní pa á. Mo rà á. Kí ẹ̀yin tó ń pe ara yín ní olólùfẹ́ ẹ sọ tiyín.

Àwa mẹ́fà la kù. Mẹkáníìkì kan ní ṣé ìjà ni àbí bọ́ọ̀lù? Mo ní méjèèjì ni. Kò pẹ́ tí rẹfirí fi lé Sam Cane, kápútẹ́nì New Zealand, síta, torí èjìká rẹ̀ bá orí ẹlòmíràn. Yẹ́lò, tó ń lé èèyàn síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rọ́gíbì, ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, wọ́n tún un wò, wọ́n sọ ọ́ di pupa. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní àṣekágbá ife àgbáyé tàwọn ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n rí káàdì pupa, tí gbogbo wọ́n mọ̀ ọ́n láti inú bọ́ọ̀lù, inú wọn dùn, wọ́n ní eré yìí ti yé àwọn báyìí.

Ẹnì kan wà nínú àwọn Gúúsù Áfíríkà tó ń jẹ́ Pieter-Steph du Toit. Ìgbà 28 ló ki ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ lálẹ́ yẹn. Mẹkáníìkì sọ ọ́ lórúkọ, ó pè é ní Katakátá. Títí di òní, tí mo bá kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ohun tó máa ń bi mí ni, “Katakátá ńkọ́?”

Bọ́ọ̀lù Ẹlẹ́sẹ̀:

Ẹ má bínú o, kí ló kàn wá nínú eré òyìnbó yìí? Super Eagles ò tó yín í sun ẹkún lé lórí ni?

Àgbà Bath:

Àbúrò, rọra. Mo ṣiṣẹ́ kíṣìnnì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Bath ní Ẹ́ńgílándì ní àwọn ọdún 1990. Lọ́jọ́ Sátidé tí n ò bá ní iṣẹ́, mo máa ń lọ wo ẹgbẹ́ rọ́gíbì ìlú náà ní pápá wọn létí odò. Ẹni tó ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ pápá fún Bath nígbà náà ni Adedayo Adebayo, ìlú Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1970, ó sì gbá fún Ẹ́ńgílándì. Victor Ubogu náà wà níbẹ̀, Èkó ni wọ́n bí òun sí, ó lọ sí ife àgbáyé 1995. Àwọn òyìnbó á máa pariwo orúkọ ọmọ wa, wọn ò pè é dáadáa, èmi á sì máa tún un ṣe fún wọn láti ibi tí mo dúró sí. Ṣé òyìnbó nìkan ló ni ín báyìí?

Ọdún 1995 yẹn, Jonah Lomu, ọmọ New Zealand, fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí wọ́n pàdé Ẹ́ńgílándì ní Cape Town. Ó tẹ Mike Catt mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Bath ni Catt náà ti ń gbá. Fún oṣù kan, a kì í dárúkọ Lomu ní kíṣìnnì wa.

Ní ti pọ́ìǹtì kan tí ẹ ń wí, 19 sí 18 ni Bath fi na Brive, ẹgbẹ́ Faransé kan, ní Bordeaux ní 1998 láti gba ife Yúróòpù. Adebayo wà nínú pápá. Èmi ń gé àlùbọ́sà, mo sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò.

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, Paris ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ owó oṣù tí ọmọ Àǹtí sọ yẹn bá èmi náà wí.

Ọjọ́ 15, ọjọ́ tí Faransé pàdé Gúúsù Áfíríkà, pápá Stade de France ni mo wà, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun kankan. Iṣẹ́ síkiọ́ríti ni mo ń ṣe, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi mí sí, mo kọ̀yìn sí pápá. Ariwo ló ń ròyìn fún mi. Nínú abala kìíní, ọ̀tún ń lù ú, òsì ń gbà á. Tí Faransé bá jẹ, ilẹ̀ á mì lábẹ́ bàtà mi, tí àwọn yẹn bá jẹ, á dà bí ìgbà tí iná mànàmáná lọ.

Ohùn kan wà tí mi ò mọ̀. Faransé ti fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, gbogbo ilé ti hó. Ó yẹ kí Thomas Ramos gba pọ́ìǹtì méjì tó kù, èyí tí kì í sábà ṣòro. Wọ́n dákẹ́ fún un. Lójijì ni mo gbọ́ “háà!” bí ìgbà tí omi dà sórí iná. Mo bi ọ̀gá mi, òun náà ò mọ̀. Ilé ni mo ti wá rí i lórí fóònù: Cheslin Kolbe, ẹni kúkúrú yẹn, ti sáré jáde látorí ìlà bí ọ̀kẹ́rẹ́, ó fara gba bọ́ọ̀lù náà kó tó gòkè. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 29 sí 28 ló parí sí. Pọ́ìǹtì méjì yẹn ni.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, n kò gbọ́ ìró kankan ju bàtà lọ. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ sọ́rùn, wọ́n fi ọ̀dà búlúù, funfun àti pupa kun ojú ọmọ náà, ó ti sùn. Bàbá náà kí mi, “bonne soirée.” Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ojú ìbànújẹ́. Nínú mi lọ́hùn-ún, ẹ má sọ fún ọ̀gá mi o.

Àtúnṣe Fóònù, Jóbọ́gì:

Ẹ fún mi láyè, ọ̀dọ̀ mi ni ilé ọ̀rọ̀ wà. Yeoville ni mo ń gbé, mo ń tún fóònù ṣe, ó ti di ọdún mọ́kànlá. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ mi dé pápá Ellis Park, níbi tí Mandela ti wọ ẹ̀wù nọ́ńbà 6, ẹ̀wù kápútẹ́nì wọn, lọ́jọ́ tí Gúúsù Áfíríkà gba ife àgbáyé rọ́gíbì ní 1995. Nọ́ńbà 6 yẹn náà ni Siya Kolisi ń wọ̀, ọmọ Zwide, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe kápútẹ́nì wọn.

Orúkọ kan wà tí wọ́n ń pe àwa àjèjì níbí, mi ò ní kọ ọ́. Ọkùnrin kan ní òpópónà wa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń kí i láràárọ̀, kì í dáhùn. Lálẹ́ àṣekágbá, inú ilé ọtí tí a wà kún, àga kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yìí ni. Mo jókòó.

Ẹ rántí bó ṣe rí. Láti abala kìíní ni Pollard ti gbá pẹ́náritì mẹ́rin, 12. Ní abala kejì, àwọn tiwa ò jẹ ẹyọ kan. New Zealand ku èèyàn mẹ́rìnlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síbẹ̀ wọ́n ń lé àwọn tiwa, Beauden Barrett fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, 12 sí 11. Wọ́n kùnà méjì tó tẹ̀ lé e. Kolbe gba káàdì yẹ́lò, ìyẹn Kolbe tí Ọmọ Àjàṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó fa ẹ̀wù bo ojú, kò lè wò ó. Nígbà tí Jordie Barrett gbé pẹ́náritì sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹnì kan di ọwọ́ mi mú. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo ẹni tó ni ín. Òun ni. Bọ́ọ̀lù yà gba ẹ̀gbẹ́ òpó. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí rẹfirí fi fọn fèrè.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kí i. Ó mi orí. Ẹ má bù mọ́ ọn o, orí nìkan ló mì.

Ààrẹ wá kéde ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ní ọlidé. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kejì rẹ̀ náà ọlidé. Ọjọ́ méjì lásìkò Kérésì láìtà! Ìyẹn ni ìṣẹ́gun ná èmi.

Nọ́ọ̀sì Peckham:

Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ tún ti pa mí lẹ́kún. Bàbá Bath, mo fẹ́ gbọ́ sí i nípa kíṣìnnì yẹn.

Alẹ́ àṣekágbá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Alẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá aago padà sẹ́yìn níbí, wákàtí mẹ́tàlá ni mo ṣe dípò méjìlá. Ọmọ mi ló ń tẹ iye tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. 12-6. 12-11. Lẹ́yìn náà, kò tẹ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àyà mi ń já bí mo ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíràn. Nígbà tó máa tẹ̀ ẹ́, “WE WON” ló kọ. We, kẹ̀! Ẹni tó wọ funfun lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Ó ti ga jù mí báyìí. Lóṣù keje 2025, Zimbabwe na Namibia, 30 sí 28, ní Kampala, wọ́n sì gba ààyè lọ sí ife àgbáyé 2027 ní Australia. Ọmọ mi ní ìgbà wo ló máa kan Nàìjíríà? Mi ò rí èsì fún un. Mo ti ra kóló ṣá, owó ọkọ̀ òfuurufú ló wà nínú ẹ̀. Ta ló ń bọ̀?

Báṣọ̀run Boy:

Àǹtí, ẹ fi mí sínú kóló yẹn. Mẹkáníìkì náà ní òun ń bọ̀.