Láti Kétu dé Grand Canyon: ta ló ti débẹ̀ tó lè tọ́ mi sọ́nà?

Ìyá Aránṣọ, Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó bímọ, mo sì ń lọ bá a wẹ ọmọ. Físà ti wà lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá. Ó ní kí n mú ibì kan ṣoṣo tí mo bá fẹ́ rí kí n tó padà wálé, òun á gbé mi débẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo dá a lóhùn pé Grand Canyon ni.

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi wà láyé, ó mú kàlẹ́ńdà kan bọ̀ láti Kùtọnu. Ọdún parí, a ò yọ ọ́ lára ògiri. Ojú ewé kan náà ló wà ní ṣíṣí fún ohun tó lé ní ogún ọdún: ọ̀gbun tó pupa bí ilẹ̀ Kétu, tí ògiri rẹ̀ tò ní ìpele ìpele bí aṣọ tí wọ́n ká léra wọn, tí odò tín-ín-rín kan ń kọjá nísàlẹ̀ pátápátá. Bàbá máa ń ní, "Yàrà tó yí Kétu ká, a mọ̀ pé àwọn baba wa ló gbẹ́ ẹ. Ta ló gbẹ́ eléyìí?" Ó wù ú kó lọ wò ó. Kò rí i lọ. Èmi ni mo fẹ́ bá a wò ó.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì ìránṣọ, orúnkún ọ̀tún ló sì ń san gbèsè rẹ̀ báyìí. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, mo lè rìn dáadáa. Àtẹ̀gùn ni ìṣòro mi. Ṣé dandan ni kéèyàn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó rí nǹkan? Ṣé oṣù keje ló dára ni, àbí oṣù kẹwàá? Èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ibodè? Àti pé, ta ló ni ilẹ̀ náà? N kì í fẹ́ wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìmọ ẹni tí mo máa kí.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ

Màmá, ẹ kúulé, ẹ sì kú ọwọ́ lómi o. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Ọdún méjì ni mo fi kàwé ní Flagstaff, ìlú tó wà ní nǹkan bí 130 kìlómítà sí etí gúúsù ọ̀gbun yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo débẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni kí ẹ lọ. Ní oṣù keje, àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi, ọkọ̀ á tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́nu ibodè. Òjò àti ààrá máa ń wá lọ́sàn-án, etí ọ̀gbun kì í sì í ṣe ibi tí ààrá yẹ kó bá èèyàn. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń kọjá 40 °C. Ní oṣù kẹwàá, ọ̀sán á tura. Àmọ́ etí gúúsù yẹn ga tó 2,100 mítà ju òkun lọ, òtútù òwúrọ̀ rẹ̀ ju ọyẹ́ wa lọ fíìfíì. Ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn, ẹ mú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe kánjú rìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èémí máa ń tètè já níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Etí gúúsù ni kí ẹ lọ o. Ti àríwá máa ń wà ní títì láti ìgbà òtútù títí di nǹkan bí oṣù karùn-ún, iná igbó ọdún 2025 sì jó ilé àlejò ńlá tó wà níbẹ̀.

Ní ti sísọ̀kalẹ̀, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Orí òkè ni wọ́n bí àwa ọmọ Ṣábẹ sí, mo sì rò pé òkúta kankan ò lè bá mi ṣeré. Ṣùgbọ́n lórí òkè Ṣábẹ, ẹ máa kọ́kọ́ gùn ún ni, nígbà tí ara bá sì wá rẹ̀ yín, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù. Ọ̀gbun yìí dojú ètò yẹn dé. Ara yín le, òwúrọ̀ tutù, ọ̀nà ń fà yín lọ sísàlẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ ń ná. Ìgbà tí agbára bá tán tí oòrùn sì gun àtàrí ni òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹfà ni mo gba ọ̀nà Bright Angel dé ilé ìsinmi tó wà ní máìlì mẹ́ta, lítà omi kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi sọ̀ kalẹ̀. Bíbọ̀ gba wákàtí mẹ́rin. Iṣan itan mi méjèèjì kọ̀ mí. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí jókòó tì mí lábẹ́ òjìji àpáta, ó fún mi ní bisikíìtì oníyọ̀, kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi dìde. Títí dòní mo ń ṣàdúrà fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ park náà, ìyẹn ilẹ̀ ìgbafẹ́ tí ìjọba ń tọ́jú, ń kìlọ̀ pé kéèyàn má rìn nínú ọ̀gbun náà láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà ooru. N kò gbọ́.

Ní ti ìbéèrè bàbá: odò Colorado ló gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga sókè, odò náà kò yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Yanrìn àti òkúta tó ń gbé lọ ló fi ń ha ìsàlẹ̀ bí ẹni fi fáìlì ha irin. Iṣẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni. Òjò àti yìnyín sì ń já ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wálẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó fẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 446 kìlómítà, ó ju Kùtọnu sí Parakou lọ. Ibi tó fẹ̀ jù tó kìlómítà 29.

Ìyàwó Tíṣà, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ orúnkún yín ló jẹ́ kí n dá sí i. Ọ̀pá ni ọkọ mi fi ń rìn nígbà tí a lọ, ó sì gbádùn ibẹ̀ jù mí lọ.

Ọ̀nà kan wà létí ọ̀gbun níbẹ̀ tó tẹ́jú, tí wọ́n da ọ̀dà sí. Láti ilé Yavapai, tí wọ́n ti ń ṣàlàyé òkúta fún àlejò, títí dé abúlé àwọn àlejò, ó tó kìlómítà méjì, wọ́n sì to àmì idẹ sílẹ̀ lójú ọ̀nà náà: mítà kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan. Wọ́n gbé òkúta wá láti ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀gbun, wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Èyí tó pẹ́ jù lé ní bílíọ̀nù 1.8 ọdún. Ẹ lè gbé ọwọ́ lé e. Ẹ ò sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ yín ti kan òkúta ìsàlẹ̀. Tíṣà dúró níbi ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn òkúta òkè pátápátá sì ní ìkarawun ẹ̀dá òkun nínú, torí òkun ni ibẹ̀ nígbà kan.

Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń yí káàkiri, ó sì rọrùn fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn láti wọ̀. Bẹ́ǹṣì wà níbi púpọ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ jókòó, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀.

Ọkọ̀ kan ń san dọ́là 35, ó sì wúlò fún ọjọ́ méje. Nígbà tí àwa lọ, ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2026, àlejò tí kì í gbé ní Amẹ́ríkà, tó ti pé ọdún 16, ń san dọ́là 100 lé e. Ó pọ̀, ó sì dùn mí pé ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni wọ́n gbé e lé lórí. Ọmọ yín kò ní san tirẹ̀. Kó ṣáà mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání.

Ẹ pọn ọmọ náà, ẹ má gbé e sápá, torí ibi púpọ̀ létí ibẹ̀ ni kò ní ìdènà kankan. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ jẹun lọ́wọ́ yín. Ojú èèyàn ò tì wọ́n, wọ́n sì ń buni jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kàlẹ́ńdà yẹn wò. Ṣé òkúta àti odò nìkan ló wà nínú rẹ̀? Ibi tí ẹ ti lè rí odò láti òkè kò pọ̀ o.

Ìyá Aránṣọ, Kétu

Àbúrò mi, mo dìde, mo wọ awò, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí i. Ogún ọdún ni mo ti ń wo àwòrán yìí, n kò kíyè sí i rí: ilé gogoro kan wà lápá ọ̀tún, ó rí roboto, kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Mo ti máa ń rò pé ara àpáta ni.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ

Màmá! Ẹ ti rí i. Desert View nìyẹn, ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn etí gúúsù. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Colter ló ya àwòrán ilé náà, ọdún 1932 ni wọ́n parí rẹ̀, ó ga tó mítà 21. Bí odò àti ilé bá jọ wà nínú àwòrán kan náà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Navajo Point, nítòsí ibẹ̀, ni ẹni tó yà á dúró sí.

Ìyẹn yí ètò yín padà. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kì í dé Desert View, nǹkan bí 40 kìlómítà ni sí abúlé àwọn àlejò. Kí ọmọ yín wakọ̀ láti Phoenix dé Flagstaff, kí ẹ sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, kó gba ọ̀nà Cameron, kí ẹ gba ibodè ìlà oòrùn wọlé. Desert View ni ẹ máa kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa bọ̀ létí ọ̀gbun títí dé ọ̀nà olókùúta tí Ìyàwó Tíṣà sọ, kí ẹ gba ibodè gúúsù jáde. Ọjọ́ kan gbáko tó fún un. Ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà onílẹ̀ kan, ni Cameron. Wọ́n ń ti aago síwájú ní wákàtí kan níbẹ̀ títí oṣù kẹwàá fi parí, àwọn tó kù ní Arizona kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí aago fóònù bá ṣàdédé fò, ẹ má fòyà. Àwọn obìnrin máa ń pàtẹ ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ lẹ́bàá ọ̀nà yẹn. Ẹ dúró kí wọn, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ìyẹn sì ni ìdáhùn ìbéèrè tí mo fò. Ẹ̀yà mọ́kànlá ló ka ọ̀gbun náà sí ilẹ̀ baba wọn, Hopi, Navajo, Hualapai àti Havasupai wà lára wọn. Ọdún 1919 ni ìjọba sọ ọ́ di park. Wọ́n lé àwọn Havasupai kúrò lórí oko wọn níbi ìsun omi kan nínú ọ̀gbun náà. Ní ọdún 1975, ìjọba dá ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 75,000 padà fún wọn, àmọ́ ibi ìsun omi yẹn kò sí nínú rẹ̀. Ọdún 2022 ni orúkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sára rẹ̀: Havasupai Gardens. Nínú ilé gogoro yẹn, ọmọ Hopi kan, Fred Kabotie, ló kun àwòrán sára ògiri. Bí àtẹ̀gùn bá ni yín lára, ẹ dúró nísàlẹ̀. Láti ìta gbangba ẹ máa rí odò.

Ìyá Aránṣọ, Kétu

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti pe ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá ni, a ó sùn ní Flagstaff.

Mo yọ ojú ewé náà lára ògiri láàárọ̀ yìí. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ṣì funfun, ọ̀dà àyíká rẹ̀ ti ṣá. Mo fi páálí méjì há a láàárín, mo fi òwú rán etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó ti wà nísàlẹ̀ àpótí mi.